Orogún Mi Olójú Kan

Mi ò bá a jà lọ́jọ́ tó wọlé.
Inú páálí funfun ló wà, ó fi fóòmù ṣe ìrọ̀rí,
Teruhiko sì ń fi eékánná tú u
bí ẹni ń bó ẹyin sísè.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ wàrà nínú yìnyín.
Owó ìfẹ̀yìntì dé, mo ní ká fi tún òrùlé ṣe.
Òrùlé ṣì ń jò.

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Ilé kan náà ni wọ́n ti ń wá,
ìyá kan ló ń bí wọn, ọdún mẹ́ta mẹ́ta:
ẹ̀gbọ́n mọ ojú ènìyàn,
àbúrò mọ ojú ẹyẹ,
èyí tó dé kẹ́yìn yìí, wọ́n ní ó máa ń rí ojú ẹyẹ
kí ẹyẹ náà tó yíjú.
Mo ní, "Ṣé ó mọ ojú tèmi?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó tún lẹ́ńsì nù.

Jẹ́ kí n kì í náà, kí wọ́n má ní mò ń jowú:
Olójú kan tó ríran ju olójú mẹ́fà lọ,
ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò lè rìn,
dúdú bí ìdí ìkòkò, ajẹ-ìmọ́lẹ̀-má-yó,
ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọgbọ̀n ẹyẹ wọ àpò rẹ̀.
Owó rẹ̀ tó màlúù mẹ́ta rà,
kò sì fún wa ní wàrà.

Aago mẹ́rin òru ni wọ́n ń jáde lọ sórí afárá,
àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Kuwabara tó ń tọ́jú eyín,
àti Nagase tó ń ta ajílẹ̀.
Wọ́n á tò bí ẹyẹ lórí wáyà,
odò á máa rú èéfín nísàlẹ̀ wọn,
àwọn tánṣò onífìlà pupa á ṣì máa sùn nínú omi,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan nínú ìyẹ́.
Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Imú nìkan ló ń dún.

Ní oṣù kejì, ikọ́ dá Teruhiko dúbúlẹ̀.
Ọjọ́ kẹfà, ó ń wo fèrèsé bí ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀.
Mi ò sọ nǹkan kan.
Mo gbé orogún mi kọ́ ọrùn, a jọ jáde,
òtútù ń gé etí mi bí abẹ.

A dé ìpẹ̀kun afárá, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Bátìrì ti gan.
Kuwabara ní, "Fusae, ẹ fi há abíyá,
ẹ jẹ́ kó mu nínú ooru yín."
Mo fi há abíyá. Ó tutù bí ẹja.
Mo dúró, mò ń fi ara mi bọ́ orogún mi
bí ẹni ń fún ọmọ ọlọ́mọ lọ́mú,
ẹ̀rín sì ń pa mí.

Ìgbà tó fi jí, àwọn ẹyẹ ti jí ṣáájú rẹ̀,
wọ́n ti gbéra, wọ́n ti lọ.
Ẹni tó mọ ojú ẹyẹ kò rí ojú kankan.
Mo yí i sí àwọn ọkùnrin tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́,
mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó wo àwòrán náà lórí ibùsùn.
Ó ní ó ṣókùnkùn díẹ̀. Ó ní ó wọ́.
Ó sọ ọ́ di ńlá: ojú Kuwabara, ikun imú Nagase,
lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ dúró
níbi tí irin afárá ti ṣófo láàárín àwọn méjèèjì,
ìwọ̀n èjìká ọkùnrin kan.
Yìnyín ibẹ̀ ga dé orúnkún.
Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Ó ní kí n bá òun ki bátìrì bọ iná.